Ẹ Fi Àgọ́ Olówó Gọbọi Sílẹ̀, Ẹ Lọ Bi Awakọ̀ Tírélà

Àwọn ọ̀dọ́ tó ní jíìpù ti pọ̀ láàárín wa báyìí, tí wọ́n máa ń jí ní ìdájí Sátidé, tí wọ́n á pàdé ní ilé epo kan, tí wọ́n á sì wa ọkọ̀ wọgbó. Wọ́n á gba inú ẹrẹ̀, wọ́n á gun òkè, wọ́n á la odò kékeré kọjá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì sáré padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Eré tó dára ni, n kò bá wọn jà. Ìjà mi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọ pé òun fẹ́ kí ìrìn náà di ọjọ́ mẹ́ta, kí òun sùn níbi tí ọkọ̀ bá gbé òun dé, kí òun sì dáná níbẹ̀. Àwọn àgbà ilé á ní, "Àṣà òyìnbó ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ó ṣe é ṣe, àmọ́ kọ́kọ́ lọ ra àgọ́ tí wọ́n ń dè mọ́ òrùlé ọkọ̀, ra fìríìjì kékeré, ra bátìrì kejì, ra àga, ra tábìlì." Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tako ara wọn. Wọn kò takora rárá. Àgbà tó ń dẹ́rù bà á àti ọ̀rẹ́ tó ń tì í lọ sọ́jà jọ gbà gbọ́ pé àwa níhìn-ín kò mọ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pé ìlú òkèèrè ni ìmọ̀ náà wà, àti pé owó la fi ń rà á wọlé. Irọ́ ni, mo sì mọ ibi tí a ti lè já a.

Ẹni tó bá fẹ́ já irọ́ náà, kí ó wá sí ẹnu géètì Pọ́ọ̀tù Warri. Kí ó má wá lọ́sàn-án nìkan o, kí ó dúró di alẹ́. Tírélà àti táńkà ni yóò bá létí títì, títí dé apá Ekpan níbi tí ilé ìfọpo tí wọ́n ṣí ní 1978 wà. Òmíràn ń dúró de ìwé, òmíràn ń dúró de ẹrù, òmíràn ń dúró de ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ rà. Ohun tí wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n ní ọjọ́ kan lè di mẹ́ta, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ kan. Awakọ̀ kò ní lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, nítorí ẹrù ẹlẹ́rù wà lẹ́yìn rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì wà nínú táńkì, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò jí, ibẹ̀ ni yóò wẹ̀, ibẹ̀ ni yóò jẹun, ibẹ̀ ni yóò sùn. Kò sí ẹni tó ta àgọ́ fún un.

Ìdí tí ọkọ̀ ilẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi tó yẹ kí ọkọ̀ ojú omi ti máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò ṣòroó mọ̀. Inú lọ́hùn-ún ni Warri wà. Ọkọ̀ tó bá ń ti òkun bọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu odò Escravos wọlé kí ó tó tọ odò Warri wá, yanrìn sì máa ń dí ẹnu odò náà. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n to òkúta ṣe odi sínú òkun níbẹ̀ kí yanrìn má baà máa ráyè wọlé. Odi ọ̀hún ti wó tipẹ́, yanrìn sì ti padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi àwọn èbúté Nàìjíríà lé iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2006, Warri wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gba èbúté kò gba ẹnu odò. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ẹrù tí ará Warri ń lò, èbúté Èkó tàbí ti Onne ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, tírélà ló sì ń kó o wá. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, tó ń ti Itakpe bọ̀, Ujevwu ló parí sí, kò dé etí omi. Táyà ló kù.

Awakọ̀ tó gbé ẹrù kúrò ní Àpápá ti rin ohun tó lé ní 400 kìlómítà kó tó dé ibí: ó ti kọjá Ọ̀rẹ̀, ó ti kọjá Benin, ó ti jẹ kòtò Sapele. Èyí tó ti Onne bọ̀ gba ọ̀nà East-West, ọ̀nà tí omíyalé ọdún 2022 gé, tí ọkọ̀ sì há síbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ òun ní bí a ṣe ń sùn lọ́nà.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe é. Kó tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ti wo ilẹ̀. Kì í wo ibi tó lẹ́wà, ibi tí omi máa gbà lọ ló ń wò. Warri jẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 2,500 mílímítà, odò rẹ̀ sì máa ń kún, ó máa ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójoojúmọ́, nítorí òkun ló ń tì í. Ilẹ̀ gbígbẹ tí o páàkì sí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè wà lábẹ́ omi ní aago mẹ́wàá alẹ́. Awakọ̀ mọ èyí. Ó wá ibi gíga, ó kọ orí ọkọ̀ sí ọ̀nà àbájáde kí ó má baà máa yí kiri lókùnkùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ó fi igi dí táyà bó tilẹ̀ ti fa bíréèkì. Lẹ́yìn èyí ló tó bọ́ bàtà.

Oorun rẹ̀ pẹ̀lú ní ìlànà. Ẹlòmíràn ń sùn lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú orí tírélà. Ẹlòmíràn so aṣọ líle mọ́ irin abẹ́ tírélà, ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lábẹ́ àti lókè, òjò kò sì lè rí i. N kò tíì rí àgọ́ olówó iyebíye tó tutù tó ibẹ̀ lóru oṣù Kẹta ní Warri. Bí ọ̀gá bá ń sùn, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà lójúfò. Bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń sùn, ọ̀gá la ojú kan sílẹ̀. Wọ́n ti fi ṣéènì de bátìrì. Wọ́n mọ orúkọ gáàdì, wọ́n mọ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, wọ́n mọ fókánáísà tó máa ń jí bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn.

Oúnjẹ ńkọ́? Gàárì, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, ata tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti dín nílé títí tí omi fi gbẹ lára rẹ̀. Kò sí ohun tó ń béèrè fìríìjì nínú gbogbo wọn. Bí ó bá wù ú, yóò ra òkèlè úsì àti ọbẹ̀ bangá lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ, yóò sì fi sítóòfù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu wà ní apá kan ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì wà ní apá kejì, wọn kì í pàdé. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn jíìpù àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ sùn síta, ẹ ó rí bẹntiró àti omi mímu tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan.

Mo ti mọ èsì tí wọ́n máa fọ̀. Wọ́n á ní ìyà ni mo ń pè ní ọgbọ́n, pé awakọ̀ tírélà kò ṣe fàájì, ọ̀nà burúkú àti ìjọba tí kò bìkítà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń sùn lábẹ́ irin. Òótọ́ ni, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ni a rí Àpápá. A rí tírélà tó tò sórí afárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí àwọn èèyàn ń ṣe ìgbẹ́ sínú náílọ̀nù, títí tí wọ́n fi gbé ètò Eto jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021 kí ọkọ̀ lè máa dúró de ìpè kó tó wọ èbúté. Kò sí ohun tó yẹ ká yìn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyà kọ́ ní nǹkan, ṣé nǹkan tó kọ́ kì í ṣe òótọ́ mọ́ ni? Ẹni tó ń ṣe é fún fàájì lè gbé ohun tí kò wúlò dání fún ọdún mẹ́wàá kó má mọ̀. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra ohun tí kò wúlò ti jù ú nù láti ọjọ́ kejì. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun kòṣeémánìí. Èmi ò sọ pé kí ẹ lọ jẹ ìyà rẹ̀. Ohun tí mo ní kí ẹ lọ gbà ni ohun tó ṣẹ́kù yẹn.

Kí a tiẹ̀ fi tírélà sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn baba wa ní oko etílé, wọ́n sì ní oko ẹgàn. Ẹni tó lọ sí oko etílé láàárọ̀ á padà wálé lálẹ́. Bí ó bá gbàgbé iyọ̀, yóò jẹ iṣu láìsí iyọ̀, ó parí. Ẹni tó lọ sí oko ẹgàn lè máà padà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọmọkùnrin bá kúrò ní ti àkọ́kọ́ bọ́ sí èkejì, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó lọ ra ilé tuntun. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ibi tí omi wà, bí iná ṣe ń sùn mọ́jú láìkú, ẹni tó ni abà tó wà nítòsí àti bí a ṣe ń kí i, àti bí a ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ahéré kí òjò tó dé. Àdá tó lò ní oko etílé náà ló mú lọ. Àgbàlagbà tó bá ń sọ pé sísùn lójú ọ̀nà jẹ́ àṣà òyìnbó, kí ó bi baba tó bí baba rẹ̀ léèrè ibi tó sùn ní ọjọ́ tí wọ́n gbin kòkó àkọ́kọ́.

Ní ti "àjò kì í dùn kí onílé má relé", mo gbà. Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni má relé? Ọjọ́ mẹ́ta ni a ń wí.

Ó wá ku àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ní kí a kọ́kọ́ rajà. Àwọn yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ́, nítorí àṣìṣe tiwọn lè pa èèyàn. Àgọ́ orí ọkọ̀ sábà máa ń wúwo tó 50 sí 80 kìlógíráàmù. Òrùlé ọ̀pọ̀ jíìpù, bí ọkọ̀ bá ń rìn, kò yẹ kó ru ju 75 sí 100 lọ. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló máa sọ iye tí tìrẹ lè gbé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ta àgọ́ ni yóò kà á fún ọ. Ọmọkùnrin wa á de àgọ́, á de kẹ́ẹ̀gì méjì lé e, á de táyà àpọ̀jù lé gbogbo rẹ̀, á wá wọ inú ẹrẹ̀ amọ̀ tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ohun tó wúwo ti gòkè, ohun tó ń di ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ti kéré. Nígbà tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó sì lè gba irú ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tó mọ̀ kọ́ ló ń wà mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó sọ fún un.

Omi ni kó kọ́kọ́ ṣírò. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń lo lítà márùn-ún márùn-ún lójúmọ́ fún mímu àti síse oúnjẹ, ọjọ́ mẹ́ta yóò gba lítà 45, a kò tíì sọ ti wíwẹ̀. Ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgọ́ ni, òun sì lohun tí a kò lè fi sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí a fi okùn dè é típẹ́típẹ́. Fìríìjì ńkọ́? Ó ń fa iná bátìrì ní gbogbo òru kí bíà lè tutù, ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti ṣíná láàárọ̀ níbi tí kò sí ẹni tó máa tì í. Owó fìríìjì kan tó láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ táyà, jáàkì tó lágbára, okùn ìfàkọ̀ gidi, ṣọ́bìrì méjì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mẹ́ta àti tapólì tó nípọn, ṣẹ́ńjì á sì kù. Ẹ̀rọ ìfẹ́táyà yẹn, mo tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kó lè gba yanrìn kọjá, fókánáísà inú ìlú á sì bá a fẹ́ ẹ padà lálẹ́. Ẹni tó fẹ́ sùn sọ́hùn-ún ní láti fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́, nítorí táyà rírọ̀ lábẹ́ ẹrù wúwo lórí ọ̀dà máa ń gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ohun kan tún wà tí n kò ní fi ṣàwàdà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sùn sínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ gbádùn ẹ̀rọ amútùtù. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìdí àgọ́. Èéfín olóró tó ń ti ẹ́ńjìnnì jáde kò ní òórùn, kì í jí èèyàn kó tó pa á, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé nílé ara wọn ní Nàìjíríà. Awakọ̀ tírélà tó so aṣọ rọ̀ síta nínú afẹ́fẹ́ ti sá fún ikú yìí láìpariwo.

Ẹ̀rù ajínigbé ni èsì tó lágbára jù tí wọ́n ní, n kò sì ní fi ṣeré. Igbó tó wà létí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin kì í ṣe ibi tí ẹni tí orí rẹ̀ pé máa lọ pàgọ́ sí lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú dáadáa lórí ẹ̀rù náà. Ẹni tó jáde ní Èkó láàárọ̀ tó ní òun gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, nígbà wo ni yóò wà lójú títì? Ìrọ̀lẹ́ dé òru ni, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ẹrẹ̀ ti bo iná ọkọ̀ rẹ̀, tó sì ń sáré. Àìfẹ́ sùn síta gan-an ló gbé e sójú títì lásìkò tó burú jù. Ẹni tó ti pinnu láti sùn lè dúró ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó sì kí onílé kí oòrùn tó wọ̀. Awakọ̀ tírélà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í dá dúró sínú igbó. Ibùdó tírélà ní Ogere ni yóò sùn, tàbí ilé epo, tàbí ẹnu géètì, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Má sùn sí ibi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ: òfin tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìwé ìpàgọ́ tó sọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Delta, òfin yìí ní ìlànà tirẹ̀. Kò sí igbó tí kò lẹ́ni tó ni ín, ìbáà jẹ́ ti Ìtsẹkiri, ti Urhobo tàbí ti Ìjọ, àríyànjiyàn lórí ilẹ̀ sì ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Warri láyé àtijọ́ àti láìpẹ́. Àlejò tó bá kàn já igi tó sì ń pàgọ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, wọn yóò sì béèrè owó tí wọ́n ń pè ní deve. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àgbà ìlú pẹ̀lú obì àti ọtí, tó fi owó díẹ̀ ti obì náà lẹ́yìn bí àwọn Urhobo ṣe máa ń ṣe, ìlú ni yóò máa ṣọ́ ọ. Yorùbá tó mọ bí a ṣe ń kí ọba ìlú kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Kí a sì kó náílọ̀nù omi wa padà sílé. Àwọn ará ibí mọ ohun tí àlejò tó ń da ìdọ̀tí sílẹ̀ lè ṣe: ní Koko, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté Delta, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà síbẹ̀, nígbà tó sì di 1988, gbogbo ayé ló gbọ́.

Ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ láìkó sínú ewu ńlá wà. Abraka wà nítòsí Warri, odò Ethiope tó mọ́ gaara sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọgbà Okomu ní ìpínlẹ̀ Edo, tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1999, ní ẹ̀ṣọ́, ó ní irú igbó tó ti ṣọ̀wọ́n ní gúúsù wa, ó sì ní ọ̀bọ ọlọ́fun funfun tí kò pọ̀ láyé. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ, ẹ sùn ní òru kan, ẹ padà sílé, kí ẹ sì yọ gbogbo ohun tí ẹ kò lò nínú ọkọ̀.

Ṣé ẹ ní ọkọ̀ yín kò tó? Ọlábísí Àjàlá gun Vespa káàkiri ayé láti 1957, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963, Vespa náà kò sì ní òrùlé tí yóò de àgọ́ mọ́. Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní 2022, ọjọ́ 41 ló gbà á. Pẹ̀lúmi Nubi kúrò ní London ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2024 nínú Peugeot 107, ọkọ̀ kóńkóló tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníjíìpù wa kò ní gbà kí wọ́n fi gbé ọmọ wọn lọ sílé ìwé. Ó ní ìjàǹbá ọ̀nà ní Côte d'Ivoire, wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, ó tẹ̀síwájú, ó wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ọmọ Yorùbá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé jíìpù oní-fọ́ọ̀ wíìlì òun kò tíì ṣe é sùn síta nítorí pé kò ní àgọ́ òrùlé, ẹ̀rín ni n ó fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ owó epo tiẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́ ń sun púpọ̀ nínú epo rẹ̀ lórí ọ̀dà, kì í ṣe nínú igbó tó torí rẹ̀ jáde. Sátidé mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀ mẹ́ta. Bó bá sùn ní òru méjì, àlọ kan àti àbọ̀ kan ni, ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó náà ni. Ẹni tó ń pariwo pé ìpàgọ́ wọ́n, àgọ́ ló ń ṣírò, kò ṣírò epo.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ohunkóhun, ẹ ya ẹnu géètì èbúté tó sún mọ́ yín jù, Àpápá ni o, Warri ni o. Ẹ kí awakọ̀ kan dáadáa, ẹ ra oúnjẹ fún un, ẹ bi í bó ṣe ń to ẹrù, bó ṣe ń pín omi, bó ṣe ń yan ibi tó máa sùn. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Nigerian Shippers' Council ti ń sọ̀rọ̀ ibùdó ìsinmi fún ọkọ̀ ẹrù lójú ọ̀nà láti ọdún pípẹ́. Warri nílò irú ibùdó bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ gíga tí omi kì í gbà, omi ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná, ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ní jíìpù mọ káńsílọ̀, ó mọ kọmíṣọ́nà, ó mọ ẹni tó máa ń gba lẹ́tà. Awakọ̀ tírélà kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ bá wa kọ lẹ́tà lórí ibùdó náà sí ìjọba ìpínlẹ̀ Delta àti sí àjọ tó ń bójú tó èbúté, kí ẹ sì máa bi wọ́n léèrè títí wọn yóò fi ṣe é.